Sójà Nínú Ilé: Ohun Tí Ayàwòrán Hóláńdì Rí àti Ohun Tí Agbẹ́gilére Èkìtì Rí

Ọ̀rọ̀ àwòrán ló pe ìpàdé wa yìí ní Onígbòǹgbò, lẹ́bàá bárékè Ìkejà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọnà nìkan. Ìbéèrè kan ló wà nídìí rẹ̀: bí ẹni tó ń gbé ohun ìjà bá wọlé, tó jókòó, tí wọ́n sì fún un lóhun mímu, kí ni ilé náà ń sọ nípa rẹ̀?

Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Hóláńdì dáhùn ìbéèrè yìí ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Àwọn agbẹ́gilére Èkìtì náà dáhùn rẹ̀, tiwọn sì yàtọ̀. Bí a bá gbé ìdáhùn méjèèjì síwájú ara wọn, a óò rí i pé ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ sójà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́. Ojú tí ilé fi ń wò ó ló ń sọ ọ́: ṣé àlejò ni, àbí ọmọ ilé?

Ọ̀gágun tó kọ̀yìn sí wa

Ní ilé ọnà Frick ní ìlú New York, àwòrán kékeré kan wà tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Johannes Vermeer ló yà á ní ìlú Delft, ní nǹkan bí ọdún 1657. Ọ̀gágun kan jókòó sórí àga, ó kọ̀yìn sí ẹni tó ń wo àwòrán. Kóòtù pupa ló wọ̀, ó dé fìlà dúdú tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ. Ó fọwọ́ kan lé ìbàdí, ó na ìgbọ̀nwọ́ síta bí ẹni pé òun ló ni yàrá náà. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, díẹ̀ báyìí la rí nínú rẹ̀.

Níwájú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sídìí tábìlì. Ó fi aṣọ funfun bo orí, ẹ̀wù yẹ́lò ló wọ̀, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Fèrèsé wà ní ṣíṣí lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ojú obìnrin yìí ló sì bà lé. Wọ́n gbé máàpù Hóláńdì àti West Friesland kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá mọ máàpù yóò kọ́kọ́ ṣì í mọ̀, nítorí wọ́n kun ilẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, wọ́n jẹ́ kí omi rí bí erùpẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n sì fi sókè níbi tí àríwá ì bá wà.

Ẹ wo bí Vermeer ṣe pín nǹkan. Ọkùnrin náà tóbi fíìfíì ju obìnrin yìí lọ nítorí pé òun ló sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n obìnrin ló gba gbogbo ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ jagun fún ọgọ́rin ọdún wà lára ògiri, ó ti di ohun ọ̀ṣọ́. Fèrèsé ìta ṣí sílẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń wo ìta. Ogun ti parí, ológun ti wọlé, ilé sì ń fi ẹ̀rín díwọ̀n rẹ̀. Bóyá ìfẹ́ ló bá wá, bóyá owó ló fẹ́ fi ra ìfẹ́, Vermeer kò sọ. Ó jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkùnrin náà di ìbéèrè.

Ibi tí àwọn sójà wọ̀nyí ti wá

Láti ọdún 1568 títí di ọdún 1648 ni àwọn ará Hóláńdì fi bá ọba Sípéènì jà kí wọ́n tó gba òmìnira. Wọ́n dáwọ́ ogun dúró fún ọdún méjìlá láàárín rẹ̀, láti 1609 sí 1621, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọjú sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àwọn ará Scotland, àwọn ará Jámánì, àwọn ará Faransé, owó oṣù ló kó wọn wá. Nígbà òtútù tí ogun kò ṣeé jà, inú ìlú ni wọ́n ń gbé, wọn kò sì níṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Àìníṣẹ́ yìí ni àwọn ayàwòrán kọ́kọ́ rí. Pieter Codde àti Willem Duyster ní Amsterdam, àti Jacob Duck ní Utrecht, sọ ilé ẹ̀ṣọ́ di ohun tí wọ́n ń yà léraléra. Sójà sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Sójà ń ta káàdì. Sójà ń pín ìkógun, wọ́n sì ń torí ẹ̀ jà. Àwòrán Duyster kan nípa ìjà bẹ́ẹ̀ wà ní National Gallery ti London: inú abà ni wọ́n wà, aṣọ tó ń dán ló wà lọ́rùn wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń yọ idà síra. Ọ̀tá kò sí nítòsí. Ẹni tó ra irú àwòrán yìí tó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ mọ ohun tó ń fi ṣẹ̀sín.

Nígbà tí àlàáfíà dé ní ọdún 1648, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Gerard ter Borch wà ní ìlú Münster níbi tí wọ́n ti búra àdéhùn náà, ó sì ya àwọn aṣojú tó na ọwọ́ sókè láti búra. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá gbé sójà kúrò nínú abà, tó mú un wọ yàrá tí aṣọ sílíìkì àti kápẹ́ẹ̀tì wà.

Káàdì, ajá àti ẹ̀yìn obìnrin

Ara ohun tó wà nílẹ̀ la ti ń mọ ohun tí àwọn àwòrán wọ̀nyí ń wí. Nínú iṣẹ́ ter Borch kan tó wà ní National Gallery ti London, ọ̀gágun kan ń sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà fún ẹni tó ń bá a kọ ọ́, afunfèrè ogun sì dúró, ó ń retí pé kí wọ́n fún òun lẹ́tà náà lọ. Ta ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí? Ẹ wolẹ̀. Káàdì kan já sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ya ọkàn pupa kan ṣoṣo sí, àfọ́kù ìkòkò tábà sì fọ́n ká a. Kì í ṣe lẹ́tà sí ọ̀gá ogun.

Ní ọdún 1653, ó ya òmíràn tó wà ní Mauritshuis, ní ìlú The Hague. Afunfèrè wọlé pẹ̀lú lẹ́tà ogun, ó bá ọ̀gágun lórí ìjókòó, obìnrin kan sì fara ti orúnkún rẹ̀. Lẹ́tà ń pè é, obìnrin ò jẹ́ kó dìde. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìbọn tó ń dún, síbẹ̀ ogun àti ilé ti wọ ṣòkòtò kan náà.

Pieter de Hooch tún fi ọgbọ́n mìíràn ṣe tirẹ̀. Nínú àwòrán tó yà ní 1658, tó wà ní Louvre ní Paris báyìí, obìnrin kan ń bá àwọn ológun mutí. Lára ògiri lẹ́yìn wọn, de Hooch gbé àwòrán mìíràn kọ́: Jésù àti obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò lè sọ ni ògiri sọ. Frans van Mieris kò tilẹ̀ fi nǹkan pamọ́ nínú tirẹ̀, ní ọdún 1658 bákan náà. Obìnrin ń bu ọtí fún sójà, lẹ́yìn wọn, ajá méjì ń gun ara wọn. Ó wá di ìgbà kan tí ojú ti àwọn kan, wọ́n fi ọ̀dà bo àwọn ajá náà. Àwọn tó ń tún àwòrán ṣe ló tún wá hú wọn jáde.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé àwọn àmì wọ̀nyí dà bí ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yóò ṣìnà. Ter Borch ya obìnrin kan tó dúró nínú aṣọ sátínì funfun, tó kọ̀yìn sí wa, ológun kan jókòó níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan sì ń mu wáìnì láàárín wọn. Goethe, òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Jámánì, mẹ́nu ba àwòrán náà nínú ìwé ìtàn tó tẹ̀ jáde ní 1809: ó ní bàbá ló ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Orúkọ tí àwòrán náà jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn, ìbáwí bàbá. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn wò ó, wọ́n ní ọkùnrin náà kéré lọ́jọ́ orí láti jẹ́ bàbá rẹ̀, pé olùfẹ́ ni, tàbí oníbàárà. Obìnrin náà ò yíjú padà kí ó yanjú ẹjọ́.

Iyàn yìí kò tíì tán. Eddy de Jongh, onímọ̀ ará Hóláńdì, ṣe ìpàtẹ kan ní ilé ọnà Rijksmuseum ní 1976 láti fi hàn pé ẹ̀kọ́ ìwà rere fara pamọ́ sínú àwọn àwòrán tó dà bí eré. Ní 1983, Svetlana Alpers dáhùn láti Amẹ́ríkà pé àwọn ayàwòrán Hóláńdì fẹ́ràn kí ojú rí nǹkan bó ṣe rí, pé kò yẹ kí a máa wá ìwàásù sínú gbogbo ife àti gbogbo àga. Ẹ̀rí wà fún ẹni méjèèjì. Ajá kan ṣoṣo ló máa fi èyí yé wa jù.

Nígbà tí sójà jẹ́ ọmọ ilé

Gerard ter Borch ní àbúrò kan, Moses, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan. Moses náà mọ àwòrán yà dáadáa, ṣùgbọ́n ó wọṣẹ́ ológun, ó sì kú lójú ogun ní ọdún 1667, nígbà tí àwọn ará Hóláńdì kọlu odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítòsí Harwich. Gerard àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Gesina, jọ ya àwòrán ìrántí rẹ̀. Rijksmuseum ló wà títí di òní.

Gbogbo ohun tí Gerard ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ sójà fún ọdún púpọ̀ ló tún padà wá nínú àwòrán yìí, wọ́n sì ti yí ohùn padà. Ohun ìjà wà nílẹ̀, àmọ́ agbárí òkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago wà níbẹ̀ tó ń sọ pé àkókò ti lọ. Ìkarawun òkun wà níbẹ̀. Ajá náà wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ajá van Mieris. Ajá tó dúró ti olúwa rẹ̀ ni.

Ajá yìí ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀ wọlé, ajá dúró fún ìṣekúṣe. Sójà tó jẹ́ ọmọ bàbá ẹni kú, ajá dúró fún ìdúróṣinṣin. Ajá ò yí padà, ilé ló yí padà.

Delft àti Ìkejà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí ará Onígbòǹgbò tó yẹ kó fo kọjá bí a bá dárúkọ Delft. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1654, ilé tí wọ́n ń kó etù ìbọn pa mọ́ sí láàárín ìlú náà gbiná. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn etù ló wà nínú rẹ̀. Àdúgbò kan ṣá pa rẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti lọ sọ́jà ní àwọn ìlú mìíràn lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Carel Fabritius, ayàwòrán tí orúkọ rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, wà lára àwọn òkú náà. Ẹni ọdún 32 ni. Lọ́dún yẹn gan-an ló ya ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀, èyí tó wà ní Mauritshuis lónìí. Egbert van der Poel, ayàwòrán mìíràn nínú ìlú náà, ya àwókù yẹn léraléra, bí ẹni tí kò lè gbójú kúrò.

Vermeer ń gbé Delft nígbà náà, kò tíì pé ẹni ọdún 22. Kò ya ìbúgbàù náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló ya ọ̀gágun oníkóòtù pupa. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ohun tó dájú ni pé ìlú tó ti yọ òkú lábẹ́ àlàpà ni ọ̀gágun náà ti jókòó tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ran ilé ohun ìjà tó wà nínú bárékè Ìkejà, ó sì bú gbàù. Kò sí àgbàlagbà tó wà ní Onígbòǹgbò, Ọ̀pẹ̀bí tàbí Maryland lọ́jọ́ náà tó nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìró rẹ̀ fún òun. Ọ̀pọ̀ sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Níbi odò Òkè-Àfà, lọ́nà Ìsọlọ̀ àti Ejigbo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tí ọmọdé pọ̀ nínú wọn, wọ omi wọn kò sì jáde. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Òkúta ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà.

Ní Delft, wọ́n kọ́ ilé etù tuntun ní ọdún 1660, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Obìnrin tó gbé ẹlẹ́ṣin rù

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ọlọ́wẹ̀, tí ayé mọ̀ sí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ni a bí sí Èfọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1875. Ìgbà èwe rẹ̀ bọ́ sí àkókò ogun Kírìjì. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, Ìbàdàn wà ní apá kan, Èkìtìparapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ balógun fún wà ní apá kejì. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, àmọ́ ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká. Irú ọmọ tó dàgbà nínú ìró ìbọn báyìí ló wá di agbẹ́gilére Arìnjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ àti àwọn ọba mìíràn. Ó kú ní ọdún 1938.

Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gbẹ́ wà ní Metropolitan Museum ní New York. Jagunjagun kan jókòó lórí ẹṣin, ẹṣin náà kéré sí i púpọ̀, bí ẹni pé ọmọ ẹṣin ni. Èyí kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-gbẹ́. Iyì ni Ọlọ́wẹ̀ fi ń díwọ̀n, kì í fi gíga díwọ̀n. Ẹṣin kò pọ̀ ní igbó Èkìtì. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀dàn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, ni ogun ẹlẹ́ṣin ti máa ń ya bo wọn. Nítorí náà, ẹlẹ́ṣin orí òpó ju àwòrán ẹnì kan lọ. Oyè ni, agbára ni, ohun tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù tó sì ń fẹ́ ni.

Kí ló wá gbé ẹlẹ́ṣin yìí dúró? Obìnrin ni. Òun ló wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ ni ẹrù náà wà. Ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ tutù. Bó bá yẹ̀, jagunjagun a já, ẹṣin a já, àjà ilé a tẹ̀lé wọn.

Ẹ fi èyí wé ọ̀dọ́bìnrin Vermeer. Ìhà tábìlì kejì ló wà, bí ẹni tí wọ́n wá bá. Obìnrin Ọlọ́wẹ̀ kò jókòó ti ológun, kò sì bu ọtí fún un. Abẹ́ rẹ̀ ló wà, láìsí i kò sí ológun lókè. Àwọn ayàwòrán Hóláńdì béèrè ohun tí sójà wá ṣe nínú ilé. Ọlọ́wẹ̀ béèrè ẹni tó ń gbé sójà, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ sí ibi tí ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá kò lè ṣàìrí i.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló ronú báyìí. Òpó kan tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 àti 1914 wà ní Art Institute ti Chicago. Ọba jókòó, adé wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, olorì àgbà dúró gbagidi, ó ga ju ọba lọ, ó fọwọ́ méjèèjì di àga mú. Ọba ló gba iwájú, olorì ló ń gbé ilé ró.

Ológun òyìnbó lójú ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Láàfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ iṣẹ́ tó sún mọ́ kókó ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Ilẹ̀kùn ni. Ní apá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú adé ẹlẹ́yẹ, ìyàwó rẹ̀ dúró ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì, ń bọ̀ nínú àga ìgbérù tí wọ́n fi ń gbé òyìnbó kiri, àwọn tó gbé e ń rìn, àwọn arẹrù sì ń tẹ̀lé wọn. Àwọn ère náà ta yọ lójú igi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Ẹni tó bá wò ó wàrà yóò sọ pé Ọlọ́wẹ̀ ń bu ọlá fún òyìnbó ni. Ẹ tún un wò. Ta ló jókòó, ta ni wọ́n ń gbé bọ̀? Ọba wà nílé rẹ̀, kò dìde. Òyìnbó ló ń rìnrìn àjò, kò tiẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. Ilẹ̀kùn pàápàá tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ: ojú ọ̀nà ni wọ́n gbé àlejò ológun yìí kọ́ sí. Ó ń bọ̀ láti ọdún wọ̀nyí, kò tíì wọlé.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní London. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ọba tí wọ́n gbẹ́ ní ìjókòó tún wá gba àga kún àga, nígbà tí èyí tó gbé òyìnbó sí lọ bá àwọn òyìnbó nílé wọn.

Àwọn mìíràn tó bá wọn ṣe é

Kì í ṣe Èkìtì nìkan ló gbé ológun wọlé. Láàfin Ọba Ìbíní, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti ń rọ sójà Pọtogí láti bí irínwó ọdún ó lé sẹ́yìn: fìlà akoto, irùngbọ̀n gígùn, ìbọn ní ìmúra láti yìn. Àjèjì tó gba orí omi wá, tó mú owó idẹ àti ìbọn wá, di ara ohun tó ń sọ ọlá ọba nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin náà ní oṣù Kejì ọdún 1897, ère sójà àtijọ́ wà lára ohun tí sójà òde òní kó lọ.

Areògún ará Òsì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Kwara lónìí, gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹlẹ́ṣin, ẹrú tí wọ́n dè, abiyamọ àti ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ tó fi ìkòkò tábà sẹ́nu jọ wà lójú kan. Ìkòkò tábà tó fọ́ nílẹ̀ níwájú ọ̀gágun ter Borch ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi àkókò ṣòfò. Ti ẹnu ọkùnrin Areògún ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni ńlá. Ọmọ Areògún, Bámidélé, ló kọ́ Lámidì Fákẹ́yẹ níṣẹ́, ọ̀dọ̀ Fákẹ́yẹ sì ni ọnà yìí ti dé Yunifásítì Ifẹ̀.

Thomas Ọ̀nà Ọdúlátẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, yí i padà pátá. Ó gbẹ́ àwọn òyìnbó aláṣẹ, ọlọ́pàá àti sójà kéékèèké, ó fi tàdáwà dúdú àti pupa kùn wọ́n, ó sì tà wọ́n fún àwọn òyìnbó náà. Wọ́n ra ère ara wọn lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ orí tábìlì. Ẹni tó bá wo bí fìlà ṣe tóbi lórí wọn, bí ìtìjú ò ṣe sí lójú wọn, lè rò pé Ọ̀nà kò fi wọ́n sílẹ̀ láìbá wọn ṣeré.

Àwọn ará Hóláńdì fúnra wọn kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Àwọn ló di odi Elmina mú ní Ghana láti 1637 títí di 1872. Láti 1831, wọ́n kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ibẹ̀ lọ ṣe sójà fún wọn ní Java àti àwọn erékùṣù tó yí i ká. Àwọn kan tó padà sílé gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n kọ́lé sí òkè kan ní Elmina. Java Hill ni wọ́n ń pe òkè náà títí di òní.

Pálọ̀ wa

Ó ku ibi kan tí a kò tíì wò, ibẹ̀ ló sì sún mọ́ wa jù. Ògiri pálọ̀ ni. Nígbà ogun ńlá kejì, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n bá Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Kí wọ́n tó lọ, tàbí nígbà tí wọ́n dé, ọ̀pọ̀ ló lọ ya fọ́tò. Láti ìgbà náà ni àwọn ará bárékè gbogbo, títí kan ti Ìkejà, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú fọ́tò yìí kì í pamọ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kakí tó lọ̀ dan, bẹ̀rẹ́ẹ̀ tó tẹ̀ sápá kan, aago ọwọ́ tó yọ síta kí gbogbo ayé lè rí i. Tábìlì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òdòdó rọ́bà wà lórí rẹ̀. Ìyàwó jókòó, ọkọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó jẹ́ ìyá ló jókòó tí ọmọ dúró tì í. Kò sí ìbọn. Ìgbà tí ọmọ ilé bá ń ya fọ́tò fún ilé, ìbọn a dúró sí bárékè.

Ter Borch fi agbárí òkú àti aago ṣọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ fi ọrùn obìnrin gbé jagunjagun, àwọn ìyá wa fi férémù àti ìṣó gbé ọmọ wọn kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Ojú kan náà ni gbogbo wọn fi wo sójà, ojú ẹni tó ń sọ pé ti wa ni. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín àwòrán ilé ẹ̀ṣọ́ Duyster àti fọ́tò orí ògiri wa nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òye iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára tiwa. A mọ orúkọ Moses ter Borch, a mọ ọdún tó kú àti ibi tó kú sí, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ tọ́jú ìwé wọn. Nínú ilé wa, ìran kan péré ló máa ń kọjá kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ni sójà yìí, kí ìdáhùn tó máa jẹ́ pé bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá àgbà ni.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kìn-ín-ní lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ilé ìwé tó wà láti Onígbòǹgbò títí dé Agége: ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, kí wọ́n rí ère jagunjagun pẹ̀lú ojú ara wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kejì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Yaba College of Technology àti àwọn tó ń yà lábẹ́ àjà ara wọn: ẹ ya sójà Ìkejà nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà, kakí lórí okùn, ìyàwó tó ń palẹ̀ ìkòkò mọ́ fún ọjà mámì máàkẹ́ẹ̀tì inú bárékè, ìwé iléèwé ọmọ lórí tábìlì. Àmì wọ̀nyí wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì yá wọn lò.

Ẹ̀kẹta kan gbogbo ilé. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ sọ fọ́tò sójà tó wà lára ògiri yín kalẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú férémù, kí ẹ fi bírò kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.